Oògùn jẹjẹrẹ tó ń dúró dìgbà tó bá débẹ̀ kó tó tú: kí ló wà nínú ọ̀rọ̀ "nánò" yìí gan-an?

Ẹ ó ti rí irú fídíò bẹ́ẹ̀ lórí WhatsApp: bọ́ọ̀lù kékeré kan ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, ó dé ìdí kókó jẹjẹrẹ, ó bẹ́, kókó sì yọ́ dànù. Lábẹ́ fídíò náà, ẹnìkan á ní ìwòsàn jẹjẹrẹ ti dé, àwọn òyìnbó ló ń fi pamọ́. Ẹlòmíì á ní róbọ́ọ̀tì ni wọ́n fẹ́ dà sínú ẹ̀jẹ̀ wa. Àwọn méjèèjì ti ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́.

Ohun tí fídíò náà ń yàwòrán rẹ̀ wà lóòótọ́, kò sì jẹ́ tuntun. Láti 1978 ni Milton Yatvin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Science pé àwọn lè di oògùn sínú ọ̀rá kékeré tí kò ní tú àfi tí ooru bá kàn án. Láti ìgbà náà, ó ti wọ iṣan ọgọ́rọ̀ọ̀rún aláìsàn. Ọ̀kan nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀ rìn débi ìdánwò ìkẹyìn kó tó ṣubú. Ó dìde, ó tún ṣubú. Ìtàn ìṣubú méjèèjì yẹn ló lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa.

Kẹ́mò ti wà nílẹ̀, kí ni wọ́n tún ń wá?

Ẹni tó bá ti jókòó ti aláìsàn tó ń gba doxorubicin, ọ̀kan nínú àwọn oògùn kẹ́mò tí wọ́n fi ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, kò ní gbàgbé àwọ̀ oògùn náà. Ó pọ́n bí omi ìṣápá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó. Níbi púpọ̀, ọwọ́ ni nọ́ọ̀sì fi ń rọra tì í wọ inú iṣan, ojú rẹ̀ kò sì ní kúrò lára ibi tí abẹ́rẹ́ ti wọlé, torí tó bá jò sábẹ́ awọ pẹ́nrẹ́n, ẹran ibẹ̀ lè jẹrà. Tí aláìsàn bá lọ tọ̀ lẹ́yìn náà, ìtọ̀ rẹ̀ á pọ́n. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, oògùn náà ló ń jáde.

Oògùn gidi ni. Láti ara kòkòrò àìfojúrí inú iyẹ̀pẹ̀ ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n ti rí i, ó sì ti lé ní 40 ọdún tí wọ́n ti ń fi bá jẹjẹrẹ ọmú, ti ẹ̀jẹ̀ àti ti eegun jà. Àléébù rẹ̀ ni pé kò mọ onílé yàtọ̀ sí olè. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ti ń pín kíákíá ló ń kọjú sí. Jẹjẹrẹ ń pín kíákíá lóòótọ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni ìdí irun, inú ẹnu àti mùdùnmúdùn eegun tó ń pèsè ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí irun fi ń re, tí ẹnu fi ń yọ egbò.

Èyí tó tún le jù ni ti ọkàn. Doxorubicin máa ń ba ẹran ọkàn jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìbàjẹ́ náà sì ń pọ̀ bí oògùn ṣe ń pọ̀. Nítorí èyí, àwọn dókítà fi ààlà sí i: èyí tí èèyàn lè gbà ní gbogbo ayé rẹ̀ kì í sábà kọjá mílígírámù 450 sí 550 fún ìwọ̀n mítà kan níbùú lóròó awọ ara rẹ̀. Wọ́n ń ka iye tó ti gbà bí ẹni ń ka gbèsè. Ọdún mẹ́wàá lè kọjá, iye yẹn ṣì wà nínú ìwé.

Ìbéèrè tó bí ọ̀rọ̀ nánò nìyí: ṣé a lè pọ́n oògùn yìí sínú nǹkan, kó má fi ọwọ́ kan ọkàn, kó má tú títí tó fi dé ìdí kókó?

Kí ni "nánò," báwo ló sì ṣe kéré tó?

Ẹ pín mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan. Ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni nánòmítà. Irun orí kan nípọn tó nǹkan bí 80,000 nánòmítà. Èérún oògùn tí à ń sọ yìí kì í sábà ju 100 lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé 800 nínú wọn lè tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ìbú fọ́nrán irun kan ṣoṣo. Kò ní ẹ́ńjìnnì, kò ní kámẹ́rà, kò sí ẹni tó ń wà á. Ọ̀rọ̀ róbọ́ọ̀tì ti tán níbẹ̀.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni liposome, tí Alec Bangham ṣàlàyé rẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1960. Ẹ ronú nípa ẹ̀kọ nínú ewé. Irú ọ̀rá tó di ara sẹ́ẹ̀lì wa ni ewé náà, oògùn sì ni ẹ̀kọ. Ní 1995, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àkọ́kọ́ nínú irú rẹ̀, Doxil: doxorubicin kan náà yẹn, tí wọ́n pọ́n sínú liposome, tí wọ́n sì tún fi nǹkan yọ̀rọ̀ bò lẹ́yìn kí ẹ̀dọ̀ má baà tètè mú un.

Ǹjẹ́ pípọ́n yẹn ṣe iṣẹ́? Ní 2004, àwọn oníwádìí tẹ àbájáde iṣẹ́ kan jáde, nínú èyí tí wọ́n fi Doxil àti doxorubicin lásán wé ara wọn lára obìnrin 509 tí jẹjẹrẹ ọmú wọn ti tàn káàkiri. Àsìkò tí oògùn méjèèjì fi dá àrùn náà dúró fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ti ọkàn ló yàtọ̀: ọkàn àwọn tó gba Doxil kò bàjẹ́ tó ti àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n ìyà mìíràn gorí wọn: àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ tó ń pọ́n, tó ń bó, tó ń ta, bá bí ìdajì wọn, nígbà tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí lára àwọn tó gba doxorubicin lásán.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Nánò kò sọ oògùn di alágbára sí i. Ó yí ibi tí oògùn ń lọ padà ni. Ewé Doxil kò sì mọ ibi tó wà. Ńṣe ló ń jò díẹ̀díẹ̀ níbi gbogbo tó bá gbà kọjá. Ewé tó mọ ibi tó wà ni wọ́n ń wá láti ọjọ́ yìí.

Kí ló ń sọ fún èérún náà pé "ibí ni kó o ti ṣí"?

Oríṣi àmì méjì ló wà: èyí tí ara fúnra rẹ̀ ń fi hàn, àti èyí tí dókítà ń fi ránṣẹ́ láti ìta.

Nínú ti ara, kíkan ló gbajúmọ̀ jù. Ẹni tó bá ń ṣe ògì mọ̀ pé bí ó bá sùn, á kan. Kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ ló ń jẹ ṣúgà ibẹ̀, tó ń sọ ọ́ di ásíìdì. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń ṣe irú rẹ̀: ó ń jẹ ṣúgà bí ìyàn, ó sì ń da ásíìdì kan náà yẹn sí àyíká rẹ̀. Otto Warburg, ọmọ Jámánì, ti ṣàkíyèsí èyí láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ kíkan, níbi tí nọ́ńbà tó bá kéré ti ń túmọ̀ sí kíkan tó pọ̀, ẹ̀jẹ̀ wà ní 7.4, àyíká kókó sì sábà máa ń wà láàrin 6.5 sí 6.9. Nítorí náà, ẹ hun èérún kan tí kíkan lè tú.

Ó dùn-ún sọ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n àlàfo tó wà láàrin 7.4 àti 6.9 kéré púpọ̀. Kí wọ́n tó rí ohun tó máa le koko níbí tó sì máa tú lọ́hùn-ún, wọ́n ti forí ṣe fọrùn ṣe.

Inú sẹ́ẹ̀lì ló rọrùn jù. Bí sẹ́ẹ̀lì bá gbé nǹkan mì, inú àpò kékeré kan ló máa ń kó o sí, àpò yẹn á sì máa kan sí i títí táá fi sún mọ́ 5. Ìyẹn àlàfo gidi. Ọ̀pọ̀ nínú yín sì ti ní irú rẹ̀ lápá: abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà ti Pfizer àti ti Moderna, èyí tí wọ́n gbé wọ Nàìjíríà ní 2021, inú èérún ọ̀rá tó ń gbọ́ èdè kíkan ni wọ́n di iṣẹ́ tí wọ́n rán sí sẹ́ẹ̀lì sí. Nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá náà jókòó jẹ́ẹ́. Nínú àpò tó kan yẹn, ó yí padà, ó gba ògiri àpò kọjá, ó sì tú ohun tó gbé dání. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń pariwo pé nǹkan nánò kò gbọdọ̀ wọ ara òun lè ti gbà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ensáìmù náà wà, ìyẹn àwọn ohun tó ń gé nǹkan wẹ́wẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì. Oògùn bíi Enhertu, tí wọ́n ń lò fún oríṣi jẹjẹrẹ ọmú kan, kì í ṣe èérún nánò bíi liposome, ṣùgbọ́n ìmọ̀ kan náà ló wà nídìí rẹ̀: okùn kan ló so májèlé mọ́ ara ọmọ ogun ara, ensáìmù inú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ló sì ń gé okùn yẹn. Ọdún 2019 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i.

Ní ti ìta, dókítà lè lo ooru, iná, agbára mágínẹ́ẹ̀tì, ìró ultrasound tàbí ìtànṣán. Ti ooru ló rìn jìnnà jù.

Ṣé wọ́n ti dán an wò lára èèyàn?

Bẹ́ẹ̀ ni. Orúkọ rẹ̀ ni ThermoDox.

Ẹ bu òrí díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ lásìkò ọyẹ́. Á le gbagidi. Ẹ pa ọwọ́ dé fún ìgbà díẹ̀, á yọ́. Iṣẹ́ tí David Needham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Yunifásítì Duke ni pé wọ́n ṣa ọ̀rá tí ìgbà yíyọ́ rẹ̀ bọ́ sí ibi tí wọ́n fẹ́ gan-an. Ní 37°C, tí í ṣe ooru ara ẹni tó gbádùn, ó dúró digbí. Tó bá ti kọjá bíi 40°C, ihò á lu sára ògiri rẹ̀, doxorubicin inú rẹ̀ á sì ya jáde láàrin ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan.

Ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Celsion ló gbé e lọ sí ìdánwò ńlá, lórí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí: wọ́n máa ń ki abẹ́rẹ́ gígùn kan gba awọ ikùn wọ inú kókó tó wà lára ẹ̀dọ̀, wọ́n á sì fi iná mànàmáná mú orí rẹ̀ gbóná títí àárín kókó á fi jóná. Ìtọ́jú yìí ti wà tẹ́lẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni etí kókó, níbi tí ooru kò ti pọ̀ tó láti pa sẹ́ẹ̀lì, tí jẹjẹrẹ sì ti sábà máa ń padà hù. Ṣùgbọ́n ooru etí yẹn tó láti ṣí ThermoDox. Nítorí náà, wọ́n á kọ́kọ́ fa oògùn sí aláìsàn lára, kí ooru tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí iná kò bá pa, kí oògùn pa á.

Bí èèyàn bá gbọ́ ọ báyìí, kò sí ibi tó ti lè kùnà. Aláìsàn 701 ló wọ ìdánwò náà. Ìdajì gba iná àti ThermoDox, ìdajì gba iná àti omi lásán tó dà bí oògùn. Ní Oṣù Kìíní 2013, àbájáde jáde: lára àwọn tó gba ThermoDox, àsìkò tí àrùn náà fi dúró kó tó padà kò gùn ju ti àwọn yòókù lọ tó bí wọ́n ṣe lérò. Láàrin ọjọ́ kan, iye ìpín ìdókòwò ilé-iṣẹ́ náà já lulẹ̀ gbì.

Kí ló fà á tí kò fi yege?

Ibí ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ti pín sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ilé-iṣẹ́ náà ní àkókò ni. Wọ́n ní kò sí òfin kan tó sọ iye ìṣẹ́jú tí dókítà gbọ́dọ̀ fi mú ẹ̀dọ̀ gbóná. Àwọn kan ṣe é fún ìgbà kúkúrú, oògùn kò sì ráyè tú. Wọ́n tọ́ka sí 285 nínú àwọn aláìsàn náà, tí kókó kan ṣoṣo wà lára wọn, tí ooru wọn sì pé ìṣẹ́jú 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú àwọn wọ̀nyí, ẹni tó gba ThermoDox pẹ́ láyé ju ẹni tí kò gbà á lọ.

Àwọn oníṣirò ní kí wọ́n rọra. Bí ẹ bá ti rí àbájáde tán, tí ẹ wá ń pín 701 èèyàn sí ọ̀wọ́ yìí àti ọ̀wọ́ yẹn, ẹ ó rí ọ̀wọ́ kan tó ṣe dáadáa, kódà kó jẹ́ omi iyọ̀ ni wọ́n fún gbogbo wọn. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí wọ́n kéde ọ̀wọ́ náà ṣáájú, kí wọ́n tún un dán wò.

Celsion gbà, wọ́n sì tún un ṣe. Ìdánwò kejì, tí wọ́n pè ní OPTIMA, mú aláìsàn 556, ó sì di dandan pé kí ooru pé ìṣẹ́jú 45. Ní Oṣù Keje 2020, àwọn alábòójútó tó ń wo èsì náà sọ fún ilé-iṣẹ́ náà pé kó rò ó wò bóyá kó dá a dúró, torí kò jọ pé yóò já sí nǹkan kan. ThermoDox kò gba àṣẹ. Celsion fúnra rẹ̀ ti yí orúkọ padà.

Ìhà kẹta wà, ti àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ. Àwọn ní oògùn kò lẹ́bi, orísun ooru ló lẹ́bi. Ìdí abẹ́rẹ́ yẹn gbóná débi tó fi ń sè ẹ̀jẹ̀ inú iṣan, iṣan tó bá sì ti dí kò lè gbé oògùn kankan kọjá. Ooru pẹ̀lẹ́ ló yẹ. Ẹ̀rí wọn wá láti Oxford. Àwọn oníwádìí ibẹ̀ lo ìró ultrasound tí wọ́n darí láti ìta ara, láìlo abẹ́rẹ́ gbígbóná yẹn, láti mú kókó jẹjẹrẹ gbóná díẹ̀ lára aláìsàn 10 tó ti gba ThermoDox. Nígbà tí wọ́n yẹ kókó náà wò, doxorubicin inú rẹ̀ ti di ìlọ́po 3.7 ní ìpíndọ́gba. Wọ́n tẹ àbájáde yìí jáde ní 2018.

Ẹ kíyè sí ohun tí nọ́ńbà yẹn sọ àti ohun tí kò sọ. Ó sọ pé oògùn tú níbi tí wọ́n fẹ́. Kò sọ pé àwọn mẹ́wàá yẹn yóò pẹ́ láyé jù. Èèyàn mẹ́wàá kò tó láti fi mọ ìyẹn, wọn ò sì ṣe é torí ẹ̀.

Ṣé èérún náà tiẹ̀ ń dé ìdí kókó?

Àríyànjiyàn tó gbóná jù lọ ní ìdí iṣẹ́ yìí nìyí. Ní 1986, Hiroshi Maeda àti Yasuhiro Matsumura ní Jàpáánì ṣàlàyé pé iṣan ẹ̀jẹ̀ inú kókó jẹjẹrẹ kì í lẹ̀ dáadáa, ó ní àlàfo, èérún kéékèèké lè gba ibẹ̀ yọ́ wọlé kí wọ́n sì há síbẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni gbogbo ayé fi kọ́lé lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ní 2016, Warren Chan àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Toronto, ní Kánádà, kó iṣẹ́ ìwádìí ọdún mẹ́wàá jọ, wọ́n sì ṣírò ìwọ̀n èérún tó ń dé kókó lára ẹranko. Ìwọ̀n àárín tí wọ́n rí jẹ́ 0.7%. Ìyẹn ni pé nínú 1,000 tí wọ́n gún sínú iṣan, 7 ló débẹ̀. Ẹ̀dọ̀ àtàwọn ẹ̀yà ara mìíràn tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ ti mú púpọ̀ nínú ìyókù.

Àwọn kan kò gbà. Ní 2020, àwọn onímọ̀ oògùn mìíràn tún èsì kan náà ṣírò pẹ̀lú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é fún oògùn yòókù, wọ́n ní nǹkan kò burú tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dún kan náà, ilé Chan tún gbé òmíràn jáde: wọ́n ní kì í ṣe àlàfo ni ọ̀pọ̀ èérún ń gbà wọlé, sẹ́ẹ̀lì ara iṣan fúnra rẹ̀ ló ń gbé wọn kọjá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti ń ṣọ́ fún ọgbọ̀n ọdún kọ́ ni àlejò ń gbà.

Eku náà dá kún ìdàrúdàpọ̀ yìí. Kókó jẹjẹrẹ tí wọ́n gbìn sára eku máa ń dàgbà láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iṣan rẹ̀ sì máa ń jò yẹ́ẹ́. Ti èèyàn ń gba oṣù àti ọdún, iṣan rẹ̀ kì í sì í rí bákan náà lára ẹnì méjì.

Kí ló wá wà tí dókítà lè lò?

Doxil àti irú rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n wọn kì í dúró de àmì kankan. Ní Jámánì, wọ́n ṣe NanoTherm, èérún irin tí wọ́n ń gún sínú kókó ọpọlọ, tí agbára mágínẹ́ẹ̀tì sì ń mú gbóná. Yúróòpù fọwọ́ sí i ní 2010. Aláìsàn tó ní irin nínú eyín gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò kó tó wọ inú ẹ̀rọ mágínẹ́ẹ̀tì náà. Ilé-iṣẹ́ Faransé kan gba àṣẹ Yúróòpù ní 2019 fún èérún tó ń mú kí ìtànṣán ṣe iṣẹ́ jù. Nínú ìdánwò rẹ̀, kókó tó kú pátápátá tàbí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán jẹ́ 16.1% lára àwọn tó gbà á, àti 7.9% lára àwọn tó gba ìtànṣán nìkan.

Àwọn méjèèjì yìí kò gbé oògùn kankan. Ooru tàbí ìtànṣán náà ni oògùn wọn. Ó ya èèyàn lẹ́nu pé àwọn tí iṣẹ́ wọn rọrùn jù ló kọ́kọ́ débẹ̀.

Nàìjíríà ńkọ́?

Ìṣirò àjọ àgbáyé fún 2022 sọ pé ó lé ní 127,000 èèyàn tí jẹjẹrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà lọ́dún yẹn, ó sì pa èyí tó lé ní 79,000. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ìgbà tó ti tàn káàkiri ni wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Irú ìtọ́jú bíi ti ThermoDox ń fẹ́ ká ti mọ ibi tí kókó wà, kó má tíì pọ̀, kí ẹ̀rọ tó ń wo inú ara wà nílẹ̀, kí iná má sì lọ láàrin ìṣẹ́jú 45.

Iṣẹ́ nánò ń lọ nílé o. Ní LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbaje Lateef àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lo èèpo obì àti jàńkáríwọ̀, ìyẹn òwú aláǹtakùn lásán, láti ṣe èérún nánò fàdákà. Iṣẹ́ inú yàrá ìwádìí ni, èyí tí wọ́n fi ń wo bó ṣe ń pa kòkòrò àìfojúrí. Kì í ṣe oògùn jẹjẹrẹ tí ẹnikẹ́ni lè lọ rà.

Ó yẹ kí n sọ èyí nítorí àwọn ìgò tí wọ́n ń kọ "nánò" sí lára tí wọ́n sì ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ó ń wo jẹjẹrẹ. Gbogbo ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí mo ti ṣàlàyé lókè yìí, inú iṣan ni wọ́n ń fà á sí tàbí inú kókó ni wọ́n ń gún un sí, nílé ìwòsàn, pẹ̀lú dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n ń fi ṣíbí mu.